Ìjàpá Ẹ̀gbọ́n Mi: Ọ̀rọ̀ Lórí Àtúnṣe Ohun Àtijọ́

Ọkọ̀ kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìkirè fún ọdún 19 gbáko. Volkswagen ni, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto bí ti ahun. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni ó rà á ní ọdún 1976. Wolé-wolé ni wọ́n, iṣẹ́ wọn a sì máa gbé wọn láti abúlé dé abúlé. Bí àwọn obìnrin bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ náà lókèèrè, wọn a sáré bo ìkòkò omi wọn. Owó Údójì tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1975 ni wọ́n fi pamọ́ tí wọ́n fi san apá kan nínú iye rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi papò dà ní ọdún 1998. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, kò sí ẹni tí ó tún ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀ náà. Bí àlejò bá béèrè ìdí rẹ̀, èmi ni mo máa ń dáhùn, ìdáhùn mi kò sì yí padà: "A kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ohun ìrántí ni." Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn létí àlejò. Ó ń dùn létí èmi náà.

Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ọdún 2016, lẹ́yìn ọdún 35. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ìkirè, mo sì bá adìẹ kan tí ó sàba sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Mo ṣí ìjókòó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè wo abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ni mo rí. Mo ń sọ ilẹ̀ gan-an, erùpẹ̀ àti koríko tútù. Ẹni tí ó bá mọ Ìjàpá yóò mọ̀ pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ ń gbé, omi kíkan inú bátìrì yìí ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jẹ páànù ibẹ̀. Ohun tí mo ti ń pè ní ọ̀wọ̀ láti ọdún 1998, ìpáàrà ni ó ń jẹ nínú rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni tí ó ti ń kí òkú pẹ̀lẹ́ láti ẹnu ọ̀nà láìwọlé wò ó rí.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti òǹkàwé mi jọ yẹ̀ wò nìyí: kí ni ó ń jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹni tí ó ṣáájú wa fi sílẹ̀? Ṣé kí á má fọwọ́ kàn án ni? Ṣé kí á dá a padà sí bí ó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ni? Àbí kí á tún un ṣe títí yóò fi bá àwa tí a wà láyé lára mu? Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ da irú ìbéèrè báyìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni a ń jà lé lórí bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé bàbá ẹni, ti oyè ìdílé, ti orin, ti èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Irin kàn rọrùn láti fojú rí ni.

Mo wá ẹni tí yóò bá mi tún un ṣe. Èyí kò rọrùn. Àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó mọ ohun tí ń ṣe é, kò sì sí ojú ibi tí a ó ti so kọ̀ǹpútà mọ́ Ìjàpá ẹ̀gbọ́n mi. Níkẹyìn, wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi nítòsí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ Volkswagen nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì lówó lórí. Àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní ọ̀nà Badagry ní Èkó ní ọdún 1975 ṣì ń ṣiṣẹ́, Ìjàpá sì kún gbogbo títì, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bí ó ti kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó dọ̀bálẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ fún un pé n kò fẹ́ máa gbé ọkọ̀ sílẹ̀ kí n máa lọ, mo fẹ́ jókòó, kí n máa wò, kí n sì máa bá a di ohun tí ó bá ṣeé dì mú mú. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó wò bàtà mi. Ó ní, "Bàbá, aṣọ mìíràn ni kí ẹ wọ̀ wá lọ́la." Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń pè é ní Ọ̀gá, tí òun náà sì ń pè mí ní Tíṣà, kò sì sí èyí tí ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ohun tí ó kọ́kọ́ fi hàn mí ni pé bọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni ó so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ ilé gíà rẹ̀. Bí ẹni méjì bá ní jáàkì kan, wọn yóò sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ láìpẹ́ rárá. Èkejì ni pé afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Kò ní rédíétọ̀, kò mu omi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kẹta ni ó gba àkókò mi jù, ẹ̀kọ́ nípa àlàfo fáàfù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. A ó wá irin pẹlẹbẹ kan tí ó nípọn tó 0.15 mílímítà, a ó tì í bọ àárín fáàfù àti ohun tí ń tì í. Kò gbọdọ̀ lọ gbẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ há. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ènìyàn lọ́wọ́ díẹ̀, bí ìgbà tí a ń fa owó bébà jáde láàárín ojú ewé Bíbélì ńlá. Ìṣirò ni mo fi ọdún 35 kọ́ àwọn ọmọ. Mo mọ ohun tí 0.15 jẹ́ lójú pátákó. Ìka mi kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà kọkànlá ni Ọ̀gá tó mi orí, tí ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ wàyí, Tíṣà." Ó sọ pé mo gbọ́ ọ. Kò sọ pé mo rí i.

Mo jókòó sórí àpótí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì rántí iye òbí tí mo ti sọ fún rí, nínú ọ́fíìsì mi, pé ọmọ wọn kò lórí ìwé, kí wọ́n kúkú lọ fi í sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Mo sọ ọ́ bí adájọ́ tí ń ka ẹ̀wọ̀n fún ọ̀daràn. N kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yìí gùn, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ìtàn ọkọ̀ yìí kí n fò ó.

Àwọn ènìyàn béèrè èrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, bí ó ti yẹ kí wọ́n béèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ fẹ̀yìn tì ṣírò rẹ̀ fún mi lórí ìwé: owó tí mo ná yìí ìbá ra Tòkunbọ̀ gidi, awakọ̀ kan ìbá máa fi í ṣe kábúkábú, òun ìbá sì máa jíṣẹ́ owó fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìṣirò náà pé. N kò ní ìdáhùn tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo kàn mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tí mo bá máàkì lónìí, òmíràn ni yóò dúró dè mí lọ́la, n kò sì rí ọjọ́ kan tí mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi kí n sọ pé ó tán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo fọ kabúrétọ̀ tí mo tò ó padà, ó tán. Mo gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, ìyàwó mi sì lé mi jáde nílé pẹ̀lú rẹ̀.

Ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé Amẹ́ríkà. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní agbègbè Los Angeles láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ bàbá òun ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó pè mí. "Dádì Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn tún un ṣe bí ti tẹ́lẹ̀ o." Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó fẹ́ kí á yọ bọ́ńpà, kí á sọ iwájú rẹ̀ kalẹ̀ títí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilẹ̀, kí á fi táyà fífẹ̀ sẹ́yìn, kí á sì gbé ẹ́ńjìnnì Subaru sí i, èyí tí òun yóò rà fúnra rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn, ó sì ní bàbá òun ìbá fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọmọ náà ti mú ọ̀rọ̀ yìí wá, nítorí ó ju eré ọmọdé lọ. Ní gúúsù California, láàárín ọdún 1930 sí 1940, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ a máa ra Ford àlòkù tí ó ti di ọ̀pọ̀ yanturu. Wọn a tú ìbòrí táyà rẹ̀ kúrò, wọn a ká òrùlé rẹ̀ nílẹ̀, wọn a yọ gbogbo ohun tí kò ran eré sísá lọ́wọ́ dànù, wọn a sì wá gbogbo ọgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò fi lágbára ju bí àwọn tí ó ṣe é ti rò lọ. Ford mú ẹ́ńjìnnì V8 tí owó rẹ̀ kò ga jáde ní ọdún 1932, ọ̀rọ̀ náà sì ràn bí iná ọyẹ́. Wọn a kó ọkọ̀ wọn lọ sí orí adágún gbígbẹ ní Muroc, ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, láti mọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yára jù. Lẹ́yìn ogun tí ó parí ní ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n padà sílé dara pọ̀ mọ́ wọn, nígbà tí ó sì di oṣù kìíní ọdún 1948 ìwé ìròyìn Hot Rod bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Hot rod ni orúkọ tí wọ́n fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjàpá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn: ní ọdún 1964, Bruce Meyers fi fáíbà mọ ara tuntun kan, ó fi ẹ́ńjìnnì Ìjàpá sẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ etí òkun tí kò ní ilẹ̀kùn, tí ń fò lórí iyanrìn.

Àmọ́ ìparí ìtàn náà ni ó dá mi dúró. Àwọn ọmọ tí wọ́n gé ọkọ̀ wọ̀nyẹn di arúgbó, wọ́n fẹ̀yìn tì bí tèmi, wọ́n sì padà sínú gáréèjì wọn. Ohun tí àwọn àgbà ayé ìgbà náà ń wò bí ọkọ̀ tí a bà jẹ́ ti wá di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ọdún 1997, wọ́n gba hot rod láyè fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Pebble Beach, níbi ìdíje ẹwà ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn olówó ayé máa ń lọ. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá fẹ́ tún ògbólógbòó hot rod ṣe, wọn a wá fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ jáde kí ó lè dájú pé ibi tí ọmọ tálákà yẹn gé nígbà náà gan-an ni gígé náà yóò wà. Àgékù ti di àjogúnbá. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń sanwó fún akunlé ọkọ̀ kí ó fi ọ̀dà ya ìdógùn-ún sára páànù tí kò dógùn-ún rí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ ọmọ náà lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìkirè. Ọmọ iléèwé tí ń gbé síléètì kiri ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn níyàwó, wọn kò sì lè pe ọmọ ọkọ wọn lórúkọ, ni wọ́n bá sọ mí ní Akọ̀wé. Orúkọ náà ni wọ́n ń pè mí títí di òní. Wọ́n gbọ́ mi títí, wọ́n wá ní, "Akọ̀wé, ọkọ mi, bí bàbá àwọn ọmọ ti fi í sílẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí ó wà." Mo ní ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Wọ́n ní kí á tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Mo ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan. Wọ́n ní kí á tú u kí ó má gan mọ́. "Ṣùgbọ́n kí ó wà bí ó ti wà."

Ọ̀gá ni ó là wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ni ó fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dárúkọ Subaru, ó gbé sípánà rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì Subaru dára, òun kò bú u, ṣùgbọ́n omi ni ó ń mu, a ó sì ní láti wá ibi tí a ó gbé rédíétọ̀ sí. "Tíṣà, Ìjàpá tí ó bá ń mu omi kì í ṣe Ìjàpá mọ́." Mo bi í léèrè pé ta ni ó fi òpin náà síbẹ̀. Kí ló dé tí àyípadà ẹ́ńjìnnì fi burú, tí àyípadà páànù ilẹ̀, písítìnì, wáyà àti rọ́bà fèrèsé kò fi burú? Ó ronú díẹ̀. Ó ní bí a bá pààrọ̀ èkù àdá, iṣẹ́ àdá náà ni yóò ṣì máa ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá rọ ọ́ di ṣọ́bìrì, kí á má pè é ní àdá mọ́. Mo ti ka ìwé àwọn ọ̀mọ̀ràn kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì rí èyí tí ó sọ ọ́ kúkúrú báyẹn, bí n kò tilẹ̀ rò pé ó yanjú gbogbo rẹ̀.

Bí a ti ṣe é nìyí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni a dá padà sí i, pẹ̀lú písítìnì àti sìlíńdà tuntun tí a rí rà ní Ládiípọ̀ ní Múṣin. Wọ́n jó páànù tuntun mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó wà ní Los Angeles kò fẹ́ kí ọwọ́ òun má sí níbẹ̀, ó sì fi bíréèkì aláwo ránṣẹ́ fún táyà iwájú, dípò ti àtijọ́ tí ó rí bí ìlù. Èyí kò dun Ọ̀gá rárá títí di ìgbà tí ó tẹ̀ ẹ́ wò. Mo so bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó. Ọ̀dà búlúù rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ ni a kùn ún. Mo rò pé mo ti tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn.

Nígbà tí ọkọ̀ náà dé Ìkirè, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jáde síta, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìka kan ọ̀dà náà, wọ́n sì rìn yí i ká. Wọ́n dé ibi fẹ́ńdà iwájú lọ́wọ́ òsì, wọ́n dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ wá nǹkan lára rẹ̀, bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ibi tí ó tẹ̀ wọnú ńkọ́?"

Mo rántí i. Ojú fẹ́ńdà náà ti tẹ̀ wọnú, ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. N kò sọ fún panẹbítà pé kí ó nà án, n kò sì sọ fún un pé kí ó má nà án. Iṣẹ́ panẹbítà ni kí ó na ohun tí ó bá tẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń rò pé ahun ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tún un ṣe. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 1981, ọmọ ń mú wọn, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sáré gbé wọn lọ sí Ìbàdàn. Nítòsí Aṣéjirè ni ọkọ̀ yà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì fi fẹ́ńdà gbá òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n dé Ìbàdàn. Wọ́n bí ọmọbìnrin. Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́fà. Gbogbo wa mọ bí ìṣe wa ti rí lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ọjọ́ ìkómọ kò tí ì pé, nítorí náà kò lórúkọ, a kì í sunkún rẹ̀ ní gbangba, a kì í bi ìyá rẹ̀ léèrè. Èmi ti dàgbà nígbà náà, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọn kò sì sọ ju pé oyún náà kò yọrí sí rere lọ fún mi. Kò sí fọ́tò ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na fẹ́ńdà yẹn títí wọ́n fi kú.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní n kò mọ̀ ni. Mo ní mo lè bẹ panẹbítà kí ó fi òòlù tẹ̀ ẹ́ wọnú padà, pé àmì rẹ̀ ṣì wà lórí mi, n kò ní ṣì í. Wọ́n wò mí pẹ̀lú ojú àánú. Wọ́n ní, "Òkúta Aṣéjirè ni ó ṣe é, Akọ̀wé. Òòlù kọ́."

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà náà. Mo máa ń rò pé àwọn baba wa ti mọ ọ̀nà kan láti tún nǹkan ṣe láì pa á rẹ́. Ẹ wo ẹ̀kú eégún. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, bí ọdún eégún bá ti ń súnmọ́, wọn a ran aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀kú náà, ti àtijọ́ a sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àrán tí ẹnì kan rà wà lórí aṣọ òfì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, léèsì ọmọ rẹ̀ sì wà lórí àrán. Bí eégún bá ń yí, gbogbo rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé, kò sì sí ẹni tí í béèrè bóyá eégún èṣí nìyẹn tàbí òmíràn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tún wà. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, kò dá ojúbọ ibẹ̀ padà sí bí ó ti wà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo mọ ère tuntun tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí, àwọn ènìyàn sì bú u nítorí rẹ̀. Ní ọdún 2005, UNESCO fi igbó náà sára ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé, ère tuntun wọ̀nyẹn sì wà lára ohun tí à ń dáàbò bò. Bí ti àwọn ọmọ Muroc ni. Nítorí náà, n kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí á má fọwọ́ kan nǹkan baba. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún 19, mo sì rí ohun tí ó so.

Síbẹ̀, ẹni tí ń ran léèsì mọ́ ẹ̀kú mọ ohun tí ó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Panẹbítà wa kò mọ̀, èmi tí mo rán an níṣẹ́ kò sì béèrè. Mo béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá lórí fáàfù, mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí ó wà ní Amẹ́ríkà lórí bíréèkì, mo tilẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bóyá kí á yí ẹ́ńjìnnì padà. N kò béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni ọkọ̀ náà jẹ́ sí wọn. Wọ́n sọ fún mi ní ẹ̀ẹ̀mejì pé kí ó wà bí ó ti wà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kò fẹ́ nǹkan tuntun ni. Bí n bá ti fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ láì tún un ṣe, ìpáàrà ìbá jẹ fẹ́ńdà náà tán bópẹ́ bóyá. Mo mọ èyí. Mo ti fi tu ara mi nínú lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì tù mí nínú tó.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní òwúrọ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí á jọ wa ọkọ̀ náà jáde. Wọ́n wọ ìró àti bùbá, wọ́n wé gèlè, wọ́n jókòó síwájú bí wọ́n ti ń jókòó láyé ẹ̀gbọ́n mi. N kò béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ lọ. A gba ọ̀nà Ìbàdàn. Ìjàpá kì í sáré, n kò sì fẹ́ kí ó sáré. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fun fèrè lẹ́yìn wa, wọ́n ń kọjá. Nígbà tí a súnmọ́ Aṣéjirè, wọ́n ní kí n rọra. Wọ́n ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ti tún ọ̀nà náà ṣe, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́, n kò sì rò pé òkúta kankan tí ó wà níbẹ̀ ní ọdún 1981 ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò ní kí n dúró. Lẹ́yìn tí a kọjá afárá, wọ́n fara ti ìjókòó, wọ́n ní, "Ẹ máa wà á lọ, Akọ̀wé. Ohùn rẹ̀ kò yí padà."

Èmi ń gbọ́ fáàfù kan tí ń lu díẹ̀ lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n n kò sọ fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, mo ti wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ mi, mo ń tì í bọ̀ ọ́, mo ń fà á jáde, mo ń tẹ́tí sí ìka mi.